Ta Ló Sọ Ọmọ Lórúkọ? Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìkómọjáde Nínú Àwọn Ìjọ Wa

Orúkọ tí Yorùbá ń pe ayẹyẹ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó yẹ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ronú lé lórí: ìnáwó. Bí a bá ní lágbájá ní ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí ó fẹ́ rà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni, tàbí ó fẹ́ sin òkú àgbà, tàbí ó fẹ́ kó ọmọ jáde. Owó tí a ń ná lé ọ̀rọ̀ náà lórí ti gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò ìkómọjáde ti rí ní ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó pátápátá. Àwọn mìíràn, nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù àṣà ìbílẹ̀, ti gé e kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ku ohunkóhun nínú rẹ̀ ju àdúrà pásítọ̀ lọ. Ọ̀nà méjèèjì já sí ibì kan náà: ọmọ gba orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ohunkóhun fún un. A gbà pé iye tí ayẹyẹ kan ní níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn kì í ṣe iye owó tí a ná sí i, kì í sì í ṣe bí a ti ṣe é kíákíá tó. Ẹni tí ayẹyẹ náà so pọ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ni a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ìkómọjáde ni a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni ayẹyẹ àkọ́kọ́ nínú ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni, òun sì ni èyí tí pásítọ̀ ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ darí. A ó kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe é, lẹ́yìn náà ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ, kí a tó gbé ètò ti ìjọ wa lé orí ìwọ̀n.

Ẹ̀rí Samuel Johnson

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run bíi tiwa wá jẹ́rìí. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó kú ní ọdún 1901 láìfi ojú rí ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Johnson kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì tó jẹ́ akọ àti abo. Ó pín orúkọ sí àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì, ó sì to àpẹẹrẹ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ibi tí a ti ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá, ìpín orúkọ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àlàyé rẹ̀ tí ojú máa ń fò. Ó ní wọ́n a máa da omi sókè sórí òrùlé, wọn a sì gbé ọmọ tuntun sábẹ́ etí òrùlé kí omi tó ń kán lè ta sí i lára. Ọmọ á figbe ta, gbogbo ẹbí á sì hó ìhó ayọ̀.

Bí a ti lóye rẹ̀ nìyí. Ọmọ yìí kò tíì mọ ohun tí òjò ń jẹ́, ṣùgbọ́n òjò ayé kò ní ṣàì pa á. Àwọn ẹbí kò purọ́ fún un pé kò ní rí òjò. Wọ́n mú un pàdé òjò àkọ́kọ́ nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì gbé e dání, tí gbogbo wọn sì dúró yí i ká. Kò sí òǹwòran níbẹ̀. Ẹnì kan da omi, ẹnì kan gbé ọmọ, àwọn yòókù dá igbe ọmọ náà lóhùn.

Bákan náà ni ti àwo omi tí a ń gbé kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbo ilé títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á ju owó sínú àwo, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ tí òun fún un. Ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, bàbá àgbà á sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà kò ní gbẹ́yìn. Owó ibẹ̀ lè má tó nǹkan. Ẹnu ló ṣáájú, owó ń tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹni tó sọ̀rọ̀ kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ tí ìyá àgbà fún ọmọ ni yóò máa fi pè é, ọmọ náà á sì dàgbà mọ̀ pé orúkọ kan wà lórí òun tó jẹ́ ti ìyá àgbà.

A kò sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú ètò àwọn baba wa ni Kristẹni lè gbé wọ inú ìjọ. Àkọsẹ̀jayé, níbi tí a ti ń gbé ọmọ lọ bi Ifá léèrè irú ẹ̀dá tí yóò jẹ́, kò lè ní àyè lọ́dọ̀ ẹni tó ti fi ọmọ rẹ̀ lé Jésù Kristi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ pa ohun tó lòdì sí ìgbàgbọ́ tì, ó da ohun mìíràn nù mọ́ ọn: ẹnu àwọn ènìyàn lórí ọmọ náà. Ìyẹn kì í ṣe ti Ifá, bí a ó ti rí i nísinsìnyí.

Àwọn obìnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

Ìtàn ìsọmọlórúkọ pọ̀ nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ ka Rúùtù 4:13-17 dáadáa. Rúùtù bí ọmọkùnrin fún Bóásì. A ó rò pé Bóásì ni yóò sọ ọ́ lórúkọ, nítorí òun ni bàbá, ó tún jẹ́ ẹni ńlá ní ìlú. Kì í ṣe òun. Kì í ṣe Rúùtù pàápàá. Àwọn obìnrin àdúgbò ló sọ ọmọ náà ní Óbédì, wọ́n sì ń sọ pé Náómì ni a bí ọmọ fún.

Ta ni Náómì? Opó ni, ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú ní ilẹ̀ Móàbù. Nígbà tó padà wọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nínú orí kìíní, àwọn obìnrin ìlú jáde wò ó, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Márà ni kí wọ́n máa pe òun, nítorí ayé òun ti korò. Orí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìlú kan náà wá fún un lésì. Wọn kò bá a jiyàn pé ayé rẹ̀ kò korò. Náómì gbé ọmọ náà lé àyà rẹ̀, wọ́n sì sọ ọmọ náà lórúkọ níṣojú rẹ̀. Ọmọ tí àwọn obìnrin àdúgbò sọ lórúkọ yìí ló di bàbá bàbá Dáfídì. Orúkọ tí Ìwé Mímọ́ kọ sínú ìlà ìdílé Olúwa wa, ẹnu àwọn aládùúgbò ló ti jáde.

Ẹ tún wo Lúùkù 1:57-66. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará àti aládùúgbò péjọ, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ní Sakaráyà bí orúkọ bàbá rẹ̀. Élísábẹ́tì kọ̀ jálẹ̀, ó ní Jòhánù ni. Wọ́n jiyàn, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Wọ́n fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ sí bàbá, bàbá béèrè wàláà, ó kọ orúkọ sí i. Ọlọ́run ti fún ọmọ náà lórúkọ kí a tó lóyún rẹ̀, síbẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ènìyàn. Ó jẹ́ kí wọ́n péjọ, kí wọ́n jiyàn, kí ẹnu sì yà wọ́n. Ẹsẹ 66 ní gbogbo àwọn tó gbọ́ ló fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí ọkàn wọn, wọ́n ń ronú irú ọmọ tí yóò jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé èso ayẹyẹ ọjọ́ náà ni èyí: odidi àgbègbè kan ń ro ti ọmọ kan.

Ẹ̀rí kẹta kúrú, ṣùgbọ́n ó kan àpò ènìyàn. Òfin tó wà nínú Léfítíkù 12 ní kí ìyá ọmọ mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá. Òfin kan náà sọ pé bí agbára rẹ̀ kò bá ká àgùntàn, kí ó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Lúùkù 2:24 jẹ́ kí á mọ èyí tí Jósẹ́fù àti Màríà mú wá: ẹyẹ ni. Olúwa wa gba iwájú Ọlọ́run wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ tálákà, kò sì sí ẹni tó dá àwọn òbí rẹ̀ padà pé kí wọ́n lọ tọ́jú owó wá ná. Ayẹyẹ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí tálákà lè gbà wọlé láìtijú.

Ṣé ètò kì í ṣe òjìji?

Àtakò kan wà tí a máa ń gbọ́ láàárín wa, kò sì yẹ kí á fojú tín-ín-rín rẹ̀. Wọ́n ní Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Gálátíà wí pé wọ́n ń pa ọjọ́ àti oṣù mọ́ (Gálátíà 4:10), ó sì sọ fún àwọn ará Kólósè pé òjìji ni àjọ̀dún, Kristi ni ara gan-an (Kólósè 2:16-17). Wọ́n ní ìjọ tí Ẹ̀mí ń darí kò nílò ètò, nítorí ibi tí ètò bá ti pọ̀, iná Ẹ̀mí á kú.

Ìdáhùn wa àkọ́kọ́ ni pé kò sí ìjọ tí kò ní ètò. Ìjọ tó sọ pé òun kò ní ètò ń pé jọ ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ó ń ka ìṣẹ́jú títí agogo méjìlá yóò fi lù, ó sì ń figbe ayọ̀ wọ ọdún tuntun. Ó ń ta òróró síni lórí. Ó ń gbé ọwọ́ lé òṣìṣẹ́ tuntun. Ó ń jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí, ìjọ sì mọ ìgbà tí yóò dáhùn. Ètò ni gbogbo èyí, ó sì dára. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ìjọ kan mọ ètò tí òun ń tẹ̀ lé, ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Òmíràn kò mọ̀, nítorí náà kò lè tún un ṣe.

Ìdáhùn kejì wà nínú orúkọ tí a ń jẹ́ gan-an. Pẹ́ńtíkọ́sì kì í kọ́kọ́ ṣe orúkọ ìrírí. Orúkọ àjọ̀dún ni. Òun ni Àjọ̀dún Ọ̀sẹ̀, tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje ìkórè, tó fi bọ́ sí àádọ́ta ọjọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wà níbi kan náà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2 nítorí pé ọjọ́ àjọ̀dún pé, Ẹ̀mí Mímọ́ sì bà lé wọn nínú ọjọ́ náà. Ọlọ́run kò sá fún ètò kí ó tó rán Ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ irú ayẹyẹ tí àjọ̀dún náà jẹ́, kí ó ka Diutarónómì 16:9-12. A sọ fún olórí ilé pé kí ó mú ọrẹ wá gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ti bù kún un, kí ó sì yọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ka àwọn tí yóò bá a yọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, ẹrú rẹ̀ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó. A kò sọ irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀. Iye ènìyàn tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn ni a sọ. Àwa tí a ń jẹ́ orúkọ àjọ̀dún yìí, ìwé ìpè àjọ̀dún náà ló yẹ kí ó máa dá wa lẹ́jọ́.

Pọ́ọ̀lù kò tako èyí. Ohun tó bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nípa rẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kìíní 11:20-22 kì í ṣe pé wọ́n jẹun pọ̀. Ó bá wọn wí nítorí pé ebi ń pa ẹnì kan, ẹnì kejì mutí yó, ojú sì ń ti ẹni tí kò ní.

Ètò wa lórí ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa lọ́jọ́ Sunday. Lẹ́yìn ọrẹ, a pe àwọn òbí jáde. Bàbá ọmọ fi ìwé kékeré kan lé olùdarí ètò lọ́wọ́. Pásítọ̀ gba ọmọ, ó ka orúkọ láti inú ìwé náà sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbé ọmọ sókè, ìjọ kígbe àmín. A fi òróró yàn án, ayàwòrán ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹbí jó wá síwájú pẹ̀lú aṣọ ẹbí wọn láti dúpẹ́. Níbi tí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ti wà lọ́jọ́ kan náà, a lè parí gbogbo rẹ̀ kí omi tó gbóná.

Ohun tó dára wà níbẹ̀. A fi ọmọ fún Ọlọ́run ní gbangba, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìbéèrè tó jẹ́ àkọlé àpilẹ̀kọ yìí: ta ló sọ ọmọ lórúkọ? Ìwé kékeré ni. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú kí a gbọ́ ohùn ẹnì kan ketekete, ó sì pa ohùn àwọn yòókù mọ́. Ìyá àgbà tó ti ronú orúkọ fún oṣù mẹ́sàn-án jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́ orúkọ tó fún ọmọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìjọ kò ní ju àmín kan lọ láti sọ.

Ó yẹ kí á mọ bí a ti dé ibí yìí. Nínú ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti ọdún 1662, àwọn òbí ìrìbọmi ni àlùfáà ń bi ní orúkọ ọmọ, àwọn náà ló sì ń dáhùn ìbéèrè ìgbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣe ìlérí lórúkọ ọmọ náà. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì gbà pé ẹni tó ti gbàgbọ́ ni a ń rì bọmi, nítorí náà a kò ṣe ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ìdúró wa lórí èyí kò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ kúrò, ìlérí àwọn ẹlẹ́rìí bá a lọ, a kò sì fi ohunkóhun dípò rẹ̀. Ẹbí sọ àwo omi nù nítorí ìjọ. Ìjọ sọ òbí ìrìbọmi nù nítorí ẹ̀kọ́. Ọmọ wá wà láàárín méjèèjì láìní ẹlẹ́rìí kankan ju bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ.

Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ orúkọ kò kan ìjọ rí. Ní ọdún 1894, pásítọ̀ onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ David Brown Vincent fi orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi. Ó rí i pé ẹni tó fún ọ lórúkọ ti sọ ibi tí o ti wá. Ṣáájú rẹ̀, Samuel Crowther, ẹni tí a rì bọmi ní ọdún 1825 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, kò jẹ́ kí Àjàyí parẹ́ lára orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni owó. Àwọn òbí wà tí wọ́n bí ọmọ tán tí wọn kò gbé e wá sí ìjọ títí ó fi ń rìn, nítorí wọn kò tíì rí owó aṣọ, oúnjẹ àti ẹ̀bùn àlejò. Àwọn mìíràn yá owó, gbèsè ayẹyẹ ọjọ́ kan sì ń jẹ wàrà ọmọ fún odidi ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé wàhálà ilé wọn ni, kí ó rántí ẹyẹ méjì Màríà. Ìjọ tí tálákà kò lè gbé ọmọ wọ̀ láìyáwó ti gbé ọ̀pá lé ẹnu ọ̀nà tí Olúwa fúnra rẹ̀ gbà wọlé. Ọlọ́run tó sọ lẹ́nu Ámósì pé òun kórìíra àjọ̀dún Ísírẹ́lì (5:21-24) kò kórìíra ayọ̀. Ìdájọ́ òdodo ni ó wá níbẹ̀ tí kò rí.

Oyin, iyọ̀ àti obì

Àríyànjiyàn tó máa ń gbóná jù láàárín àwọn pásítọ̀ ni ti ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn kan fòfin de gbogbo rẹ̀. Àwọn kan gba oyin, iyọ̀ àti omi, wọ́n kọ obì, orógbó àti ataare. Ọ̀pọ̀ kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi gba èyí tí wọ́n sì kọ ìyẹn.

Èrò tiwa ni pé Kọ́ríńtì Kìíní 10:25-28 ti fi ọ̀nà hàn. Ohun tí a tà lọ́jà, ti Olúwa ni. Bí a bá sọ fún ọ pé a ti fi rúbọ sí òrìṣà, fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹnì kejì rẹ. Obì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Igi ni Ọlọ́run dá a sí. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń dá obì láti fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà, tí ọkàn ọmọ ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ sì lè dàrú, ìfẹ́ sàn ju ẹ̀tọ́ lọ. Pásítọ̀ tó mọ ìjọ rẹ̀ ni yóò pinnu, kí ó sì ṣàlàyé ìpinnu rẹ̀ fún àwọn ẹbí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ó má pe àgbà ilé ní abọ̀rìṣà nítorí pé ó gbé orógbó wá.

Ní ti iyọ̀, ẹ ka Èsékíẹ́lì 16:4-5. Wòlíì náà ń ṣàpèjúwe ọmọ tí a kọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí i: a kò gé ìwọ́ rẹ̀, a kò fi omi wẹ̀ ẹ́, a kò fi iyọ̀ pa á lára, a kò fi aṣọ wé e. Àìsí iyọ̀ jẹ́ àmì pé kò sí ojú tó káàánú ọmọ náà. Kì í ṣe agbára inú iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lé. Ọwọ́ tó yẹ kó fi iyọ̀ pa á ni kò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa fìdí lé. Bí ìjọ kan bá lo oyin àti iyọ̀, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tí yóò tọ́jú ọmọ ni yóò mú un. Bí kò bá sì lò ó, kí ó rí i dájú pé ọwọ́ náà kò kúrò.

Ohun tí a dábàá

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ pásítọ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ kò ní agbára lórí gbogbo ètò ìjọ, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí wà ní ìkáwọ́ yín.

Èkíní, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó dé ilé náà. Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tó bímọ: ẹ kú ewu. Ìkíni yẹn gbà pé ìyá ti kọjá ibi tí ikú wà. Ẹni tó bá lọ kí i lọ́jọ́ kejì, tó bá pọn omi, tó bá gbọ́ ìtàn alẹ́ ìrọbí, ti bẹ̀rẹ̀ ìkómọjáde. Àwọn ohun kékeré tí à ń ṣe lójoojúmọ́ yìí ni ayẹyẹ ńlá ń dúró lé. Láìsí wọn, ariwo lásán ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Pásítọ̀ tí kò wo ilé, kí ni yóò fi sọ ọmọ lórúkọ?

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fúnni ní orúkọ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Èèyàn mẹ́ta tó, kò ní pẹ́. Àwọn ìjọ Yorùbá ní London àti Houston ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn ń sọ ọmọ lórúkọ lórí fóònù, gbogbo ilé á dákẹ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn bá lè la òkun kọjá, ó lè ti ìjókòó kẹta dé orí pẹpẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹ̀jẹ́ sẹ́nu ìjọ. Lẹ́yìn tí a bá ti pe gbogbo orúkọ, kí pásítọ̀ béèrè pé: "Ta ló sọ ọmọ yìí lórúkọ?" Kí ìjọ dìde, kí wọ́n dáhùn pé: "Àwa ni. A ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, a ó máa pè é níwájú Ọlọ́run. Bí òjò bá ń pa á, kò ní pa òun nìkan." Kí a kọ orúkọ náà sínú ìwé ìjọ, kí a sì gbàdúrà fún un ní ọjọ́ tó bá pé ọdún kan. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà tó béèrè ìtumọ̀ ohun tí à ń ṣe, bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń béèrè ìtumọ̀ òkúta méjìlá nínú Jóṣúà 4, ẹ ó ní ìdáhùn fún un.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dín ìnáwó kù láìpa ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ dá ìkòkò kan lọ́jọ́ kan láàárín oṣù fún gbogbo ọmọ tuntun, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jáde lórí oúnjẹ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé, a kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pe aṣọ ẹbí láti orí pẹpẹ, kí a má sì béèrè ọrẹ kan pàtó kí a tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀karùn-ún ló gbẹgẹ́ jù. Nínú gbogbo ìjọ tí à ń kó ọmọ jáde, obìnrin kan wà tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, opó kan wà, ẹnì kan sì wà tó sin ọmọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ má fipá gbé ọmọ ọlọ́mọ lé wọn lọ́wọ́ níwájú ìjọ kí ẹ sì máa kígbe pé tìrẹ ló kàn. Ìtìjú ni ìyẹn lè jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ìkọ̀kọ̀ bóyá wọ́n á fẹ́ wà lára àwọn tí yóò sọ ọmọ náà lórúkọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá gbà, ohun tí àwọn obìnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ṣe fún Náómì ni ẹ ń ṣe fún wọn.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, bí àwọn baba wa ti wí. Ṣùgbọ́n ìjánu kò wúlò bí kò bá sí ọwọ́ tó dì í mú. Iṣẹ́ pásítọ̀ lọ́jọ́ ìkómọjáde ni láti rí i pé ọwọ́ tó di ìjánu náà mú ju ọwọ́ méjì lọ.